Ilẹ̀kùn Àlejò Nínú Àjà Ilé Wa

Nígbà tí mo ṣì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń gba abẹ́ tábìlì kọjá láì tẹrí ba, kò sí àjà nínú ilé wa ní Sakẹ́tẹ́. Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ka èyí, bóyá ẹ ò mọ bí ooru páànù ṣe ń mú lọ́sàn-án. Bí òjò bá sì dé, ṣe la máa ń pariwo mọ́ ara wa bí ẹni tó ń jà. Màmá mi, tó ń yan gàrí tà lójú ọ̀nà tó lọ sí Pobẹ̀, kò fẹ́ nǹkan mìíràn láyé ju àjà lọ. Ó fẹ́ kí pálọ̀ wa dán, kí àwọn obìnrin ìjọ tí wọ́n máa ń ṣe ìpàdé láti ilé dé ilé lè jókòó síbẹ̀ láì làágùn.

Gbẹ́nàgbẹ́nà kan wá láti Pobẹ̀. Ó kan pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sókè, ó kùn ún ní funfun. Nígbà tó parí, a rí i pé ó gé igun kan sọ́tọ̀ bíi fèrèsé kékeré tó ṣeé ṣí. Màmá mi wò ó títí.

"Ọ̀gá, kí lèyí?"

"Pọ́ọ̀tì fìsíìtì ni, ìyá."

Ọkùnrin náà ò mọ bó ṣe máa pè é ní Yorùbá. Bí wọ́n ṣe pè é níbi tó ti kọ́ṣẹ́ nìyẹn. Màmá mi ò gbọ́ Faransé. Ó yíjú sí aránṣọ tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa, tó ti lọ sílé ìwé díẹ̀.

Aránṣọ ní, "Fìsíìtì kẹ̀? Kí èèyàn lọ kí èèyàn nílé ni. Ilẹ̀kùn àlejò ló ń wí."

"Àlejò wo?" Ìyá àgbà, ìyá bàbá mi, dá sí i láti orí ẹní rẹ̀. "Àlejò tó máa gba òkè orí wa wọlé? Ológbò ni àbí olè?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Gbẹ́nàgbẹ́nà fẹ́ ṣàlàyé, ó ń nàka sókè, ó ń sọ nǹkan nípa wáyà iná, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ò jẹ́ ká gbọ́. Màmá mi ní kó kàn án pa, kó fi ọ̀dà bo ojú rẹ̀. Ó kàn án pa lóòótọ́.

Nígbà tó yá, ó wá kan màmá mi láti gba àwọn obìnrin ìjọ lálejò. Ọ̀sán Sátidé tó ṣáájú ìpàdé náà ni òórùn kan bẹ̀rẹ̀ nínú pálọ̀, òórùn bí ìgbà tí ike ń jó. Bàbá mi, tó ń fi alùpùpù gbé èrò, sáré wọlé, ó pa iná ilé. Òórùn náà ò lọ. Èéfín tínínrín ń yọ níbi tí pákó méjì ti pàdé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lára mi, nítorí ó ṣì wà lára mi. Kì í ṣe iná gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé iná wà lórí wa, a ò sì rí i. Àjà funfun ni mò ń wò, ó mọ́, ó jọ̀lọ̀, ojú rẹ̀ ò sọ nǹkan kan fún wa. Inú ń bí mi sí i bí ìgbà tí inú ń bíni sí èèyàn.

Bàbá mi gbé àkàbà, ó mú àáké. Màmá mi di ẹsẹ̀ àkàbà mú.

"Bàbá wọn, ẹ dákun, ibo lẹ fẹ́ gé? Ẹ ò mọ ibẹ̀!"

"Ibi tí ọwọ́ mi bá bà ni!"

"Àwọn ará ìjọ ń bọ̀ lọ́la!"

"Ṣé inú eérú ni kí wọ́n wá jókòó sí?"

Ìyá àgbà ti gbé ẹní rẹ̀ jáde, ó ń ké láti ìta pé, "Ẹ jẹ́ kí àlejò wọlé o!" Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá àwàdà ni.

Màmá mi fi àkàbà sílẹ̀. Ó wọ ilé ìdáná, ó gbé ọmọ odó jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gún àjà rẹ̀ fúnra rẹ̀ títí pákó fi já lulẹ̀. Eku ti jẹ wáyà. Igi tó gbé pákó ró ti pọ́n bí ẹyin iná. Bàbá mi da omi sí i, ilé ò sì jó. Màmá mi jókòó sáàárín pákó fífọ́, ó ń sunkún, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ òun.

Mo ti kàwé jáde báyìí. Ilẹ̀ Faransé ni mo wà, níbi tí a ti ń ya àwòrán inú ọkọ̀ òfuurufú: ogiri rẹ̀, àjà rẹ̀, ibi ìkẹ́rùsí. Lẹ́yìn gbogbo ohun dídán yẹn, wáyà àti ọ̀pá omi ló kún ibẹ̀. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, ẹni tó máa tún un ṣe á tú àga, á tú ogiri, á tú ohun tí kò bàjẹ́ rárá, kó tó dé ibẹ̀. Mo ya ilẹ̀kùn kékeré kan sí ogiri náà, èyí téèyàn lè fi ọwọ́ kan ṣí. Ọ̀gá mi ní ilà tó yí i ká ń ba ẹwà jẹ́, kí n yọ ọ́. Ẹ mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é? Fìsíìtì náà ni; lẹ́nu àwọn oníṣẹ́, kì í ṣe kíkí èèyàn nílé, yíyẹ nǹkan wò ni. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ nípàdé, mo rẹ́rìn-ín jáde, gbogbo wọn yíjú wò mí. Ẹni tuntun ni mí. Wọn ò tíì gbà mí síṣẹ́ tán, bí mo bá sì ṣe agídí, ó lè jẹ́ ilé ni màá padà sí. Mo ń rò ó lórí ìjókòó, mo ń rò ó lórí ìdúró.

Ayé ti yí padà o. Nígbà tí mo lọ sílé kẹ́yìn, àjà oníná mèremère ti gba gbogbo Sakẹ́tẹ́ kan, àwọn èèyàn ń fi fóònù yà á. Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ mi ibi téèyàn máa gbà dé òkè. Wọ́n ní kí n jókòó jẹun jàre. Láyé ìgbà yẹn, a kàn án pa nítorí pé a ò gbọ́ èdè. Ní báyìí gbogbo wa gbọ́ ọ, a ṣì ń kàn án pa.

Mo fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi láàárọ̀ yìí. Mi ò yọ ilẹ̀kùn náà. Kò tíì fèsì, mi ò sì tíì lè fẹnu kan oúnjẹ.