Ẹsẹ̀ Adìyẹ àti Apá Àyìsátù

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 2023. Eegun mẹ́ta ló pàdé ní èjìká ènìyàn: èyí tó dábùú nísàlẹ̀ ọrùn, palaba èjìká lẹ́yìn, àti eegun apá òkè, tí orí rẹ̀ rí roboto nínú kòtò palaba. Lọ́jọ́ yẹn, ọ̀kadà tó gbé Àyìsátù ṣubú lọ́nà Òwu-Ìsin, eegun apá ọ̀tún rẹ̀ sì dá lábẹ́ orí roboto náà gan-an. Gàrí ló ń yan jẹun. Apá yẹn ni iṣẹ́ rẹ̀.

Wọn kò gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ọ̀dọ̀ Bàbá Bùkárì, tó ń to eegun, ni wọ́n gbé e lọ. Bàbá fa apá náà títí eegun fi bára mu, ó fi ọparun dì í. Lẹ́yìn náà ó mú àgbébọ̀ adìyẹ kan, ó ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀, ó sì di ìyẹn náà.

"Ọjọ́ tí eléyìí bá rìn la ó tú tìrẹ."

Láràárọ̀, kí Àyìsátù tó wo apá ara rẹ̀, adìyẹ ló ń wò. Kò ro ohun tó yẹ kó rò. Eegun ẹsẹ̀ adìyẹ kò nípọn ju ìka ọmọdé lọ. Ti apá ènìyàn ki, iṣan ńláńlá láti àyà àti ẹ̀yìn ló sì ń fà á. Ti adìyẹ á ti jiná nígbà tí tènìyàn ṣì rọ̀.

Kí oṣù tó parí, adìyẹ ń rìn. Asisat, ọmọ Àyìsátù tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì n'Ílọrin, pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù.

"Màámi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tú u. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya fọ́tò eegun náà."

"Adìyẹ ti ń lé àkùkọ kiri, ìwọ ní kí n jókòó bí ìyàwó tuntun."

"Màámi, ẹ kì í ṣe adìyẹ."

"Bàbá ti ń to eegun kí wọ́n tó bí ìyá tó bí ẹ."

Wọ́n tú u. Lọ́jọ́ kejì ó padà sídìí agbada, ó ro gàrí títí ọ̀sán. Eegun náà kò tíì le, ó tẹ̀, wíwọ́ náà ló sì le sí.

Lónìí, bó bá fẹ́ kírun, tó gbé ọwọ́ sókè, tòsì á kan etí, tọ̀tún á dúró níbi àyà. Ọwọ́ òsì ló fi ń yan gàrí, díẹ̀díẹ̀. Adìyẹ náà ti yé, ó ti pa ọmọ. Kò sẹ́ni tó bi Bàbá Bùkárì ní nǹkan kan.

Ìwọ tí ò ń kà á, gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ kan etí. Bí apá bá dá nílé rẹ, má wo ẹsẹ̀ adìyẹ. Gbé ẹni náà lọ síbi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò eegun, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u títí wọn yóò fi fi hàn ọ́ pé ó ti jiná.