Ibi Ọmọ Rùkáyà Tó Lọ sí Iléṣà

Ẹ má bá mi sọ pé mo fura jù. Ìfura loògùn àgbà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lèmi Fàtímọ̀ ti ń ránṣọ ní Òkè Baálẹ̀. Bí sísọ́ọ̀sì bá gba ibì kan kọjá, ojú mi á rí i. Lọ́jọ́ tí Rùkáyà ọmọ mi bímọ, mo tú ọ̀rá tí wọ́n di ibi ọmọ sí ní ọsibítù kí n tó sin ín. Wọ́n ti gé etí ẹ̀ kan. Kò ya o, wọ́n gé e ni.

Kí lẹnìkan ń fi ibi ọmọ ọlọ́mọ ṣe? A kì í sin àbọ̀ ibi.

Rùkáyà ní òun ti fọwọ́ síwèé fún dókítà kan tó ń ṣèwádìí ní Iléṣà, Ìwàlẹwà lorúkọ ẹ̀.

"Ẹni tó ń rọbí, kí ni kò ní fọwọ́ sí?" Mo gbé ìyókù sínú ìkòkò, mo dé e. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo wọ mọ́tò Iléṣà.

Ọmọdébìnrin ni dókítà náà lójú mi. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ ò lè tàn mí. "Níbo ni nǹkan ọmọ ọmọ mi wà?"

Ó mú mi wọ lábù, yàrá ìwádìí ẹ̀, ó ní kí n yọjú sínú ẹ̀rọ kan tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Mo kọ́kọ́ ka Kúlúhùwá lẹ́ẹ̀mẹ́ta fún ààbò, kí n tó yọjú.

"Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ara ibi nìyẹn, mà. Àwọn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di awọ náà, sẹ́ẹ̀lì là ń pè wọ́n." Ó fi iná tín-ín-rín gún ọ̀kan. Ó lu, inú ẹ̀ fẹ́ tú jáde. Kí n tó pajú dé, sẹ́ẹ̀lì náà ti fi ègé ara ẹ̀ lẹ ojú ihò náà pa, bí mo ṣe ń lẹ ṣòkòtò. "Èyí tó bá bàjẹ́ nínú ara ẹ̀, á jẹ ẹ́, á fi tún ara ẹ̀ ṣe."

"Ó ń jẹ ara ẹ̀? Àsìtàgìfúrúláì! Ṣé àjẹ́ lo wá kó síbí ni?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ojú ẹ̀ sì yí padà. Ó ní Cornelius bàbá òun, àgbẹ̀ kòkó ní Ifẹ̀wàrà, ẹran ẹsẹ̀ ẹ̀ máa ń ya, kì í lè lẹ ara ẹ̀ pa. Gbígbé ni wọ́n ń gbé e báyìí. Ìwòsàn ẹ̀ lòun ń wá lára sẹ́ẹ̀lì yìí. Àánú ẹ̀ ṣe mí, ṣùgbọ́n àánú kọ́ ló gbé mi wá.

"Tó o bá lò ó tán ńkọ́?"

"Òfin ibí ni pé ká sun ún, mà."

"Iná kẹ̀! Gbé e fún mi, mo fẹ́ lọ sin ín pẹ̀lú ìyókù."

Kò bá mi jiyàn. Ó yọ àwo kékeré tí awọ náà wà nínú ẹ̀ kúrò lábẹ́ ẹ̀rọ, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má jẹ́ kó tutù lọ́nà. Ó ṣì wà láàyè."

Láàyè? Ta ní í sin alààyè? Mo dá àwo padà fún un, ṣùgbọ́n mo mú un búra pé iná ò ní kàn án, pé lọ́jọ́ tí nǹkan náà bá kú, òun fúnra ẹ̀ á gbé e wá.

Mo délé, mo sin ìyókù, mo gbẹ́ ihò kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mo fi í sílẹ̀ gbayawu de ègé ti Iléṣà. Gbogbo Jímọ̀ ni mo ń pe dókítà náà lórí fóònù. "Ṣé kò tíì kú?" "Kò tíì kú, mà." Irọ́ ni, mo máa ń sọ lọ́kàn mi. Ó ti sun ún.

Jímọ̀ tó kọjá, kí n tó béèrè, ó ní, "Màmá, bàbá mi ti kú. Tiyín ṣì wà láàyè."

Lọ́tẹ̀ yìí, mo gbà á gbọ́. Mo wọ hìjáábù mi láti lọ kí i ní Ifẹ̀wàrà. Kí n tó jáde, mo wa yẹ̀pẹ̀ dí ihò náà.