Ọjọ́ Tí Omi Dáàmù Ká Teslim Mọ́ Àárín Odò

Ọkọ mi, Teslim, kì í jẹ ẹja tó bá mú. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹ lè mọ irú èèyàn tí mò ń bá gbé. Á wakọ̀ wákàtí méjì lọ sórí òkè ní àríwá Georgia, á wọ ṣòkòtò rọ́bà tó dé àyà, á dúró sínú omi tó tutù nini, á mú ẹja trout kan tó rẹwà, á wò ó dáadáa, á sì dá a padà sómi. Èmi tí mò ń fi owó mi ra pánla ní Lawrenceville, mo ní kí ló dé tí kò lè gbé ẹyọ kan ṣoṣo wálé. Ó ní, "Ìyá Yasmin, kì í ṣe torí ọbẹ̀."

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Ó ti lé ní ọdún mẹ́rìndínlógún tó ti ń bójú tó ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní àìsàn kíndìnrín. Bàbá òyìnbó kan tó máa ń wá fọ ẹ̀jẹ̀ níbi iṣẹ́ Teslim ló kọ́ ọ ní irú ẹja pípa yìí. Wọn kì í fi ekòló sẹ́nu ìwọ̀ wọn. Ìyẹ́ adìyẹ àti òwú ni wọ́n ń wé mọ́ ọn títí á fi jọ kòkòrò inú omi. Orí tábìlì ìjẹun mi ni Teslim ti ń wé tiẹ̀, ìyẹ́ sì wà nínú ìrẹsì mi láti ìgbà yẹn wá.

Ó tún ní àṣà kan. Aago Nàìjíríà ló wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, torí ìyá rẹ̀ tí kì í fẹ́ kí wọ́n pe òun tó bá ti kírun alẹ́ tán. Tó bá fẹ́ mọ aago Atlanta tiwa níbí, á yọ wákàtí mẹ́fà kúrò nínú ti ọwọ́ rẹ̀. Nígbà ooru, tí wọ́n bá ti yí aago sí wákàtí kan síwájú ní Amẹ́ríkà, á yọ márùn-ún. Mo ti ní kó ra aago míì títí ó fi sú mi.

Ní Sunday kan nínú oṣù Kẹta, tó ku ọ̀la kí àwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ní ká jọ lọ. Òjò ti rọ̀ lórí òkè, gbogbo odò ibẹ̀ ti kún, wọ́n sì ti di ẹrẹ̀, ẹja ò lè rí nǹkan jẹ. Ó ní ìsàlẹ̀ dáàmù Buford la máa lọ, níbi tí omi ti mọ́. Àmọ́ ibẹ̀ léwu. Tí wọ́n bá ṣí dáàmù, odò tó dé orúnkún á bo èèyàn mọ́lẹ̀. Wọ́n máa ń kéde aago tí wọ́n máa ṣí i, wọ́n sì máa ń fọn fèrè tí wọ́n bá fẹ́ ṣí i. Teslim ti pè wọ́n: aago kan ọ̀sán. Ó ní tí oòrùn bá ti yọ́ òtútù omi díẹ̀, bí aago mọ́kànlá sí méjìlá, kòkòrò á máa fò, trout á máa jẹun. Lẹ́yìn ìyẹn a ó kúrò.

Ibi iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti ń bọ̀, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Mo jókòó sórí àga létí odò, oorun sì gbé mi lọ.

Fèrè dáàmù ló jí mi. Mo wo fóònù mi: aago kan ti lù. Teslim wà láàárín odò.

"Bàbá Yasmin, ẹ jáde!"

Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó na ìka kan sókè. "Ó ku wákàtí kan gbáko! Wọ́n kàn ń test fèrè ni!"

Lóru yẹn gan-an ni aago méjì fò di mẹ́ta níbi iṣẹ́ wa, tí Dárasími, nọ́ọ̀sì tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ń dúpẹ́ pé wákàtí kan ti dín nínú wàhálà wa. Mo mọ̀. Mo jókòó ti ọkùnrin yìí nínú mọ́tò láti ilé dé odò, mi ò sì sọ fún un.

"Wọ́n ti yí aago! Márùn-ún ni ẹ máa yọ, kì í ṣe mẹ́fà!"

Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Omi náà ò pariwo. Àwọn òkúta tí mò ń wò kàn ń pòórá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́rin, ìkarùn-ún ò rí ilẹ̀ tẹ̀. Odò gbé e lọ gbá igi kan tó ti wó sínú omi, ó sì fi apá méjèèjì rọ̀ mọ́ ọn.

Mo pe 911. Obìnrin tó gbé e ní wọ́n ti ń bọ̀, kí n sọ fún un kó má fi igi sílẹ̀, kí èmi má sì wọ omi. Kò sí ẹlòmíì létí odò.

Ìgbà náà ni Teslim bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo.

"Ìyá Yasmin! Insurance paper wà nínú drawer, lábẹ́ passport mi!"

"Ẹ dákẹ́, ẹ di igi mú!"

"Password fóònù mi, birthday Yasmin ni!" "Ẹ má sọ fún Màmi lórí phone o. Kí Bọ̀dá Surajudeen fẹsẹ̀ ara wọn lọ bá wọn nílé."

Ọkọ mi ń palẹ̀ mọ́. Ó ti pinnu pé ẹ̀gbọ́n òun ló máa túfọ̀ òun fún ìyá wọn. Ẹ̀rù bà mí, inú sì bí mi débi pé ọ̀wọ̀ kúrò lẹ́nu mi.

"Teslim! Tó o bá tún sọ ẹyọ kan sí i, mo ń bọ̀ nínú omi yìí!"

Ó mọ̀ pé mi ò mọ omi í wẹ̀. Síbẹ̀ ó ní, "Tí Yasmin bá fẹ́ lọ́kọ..."

Mo wọ omi. Òtútù yẹn gba èémí lẹ́nu mi. Ó tún sọ̀rọ̀ kan, mo tún gbé ẹsẹ̀ kan. Nígbà tí omi dé ìdí mi, kò sọ ti ìwé mọ́, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀, ó sì pe orúkọ mi gan-an.

"Làtífátù, jọ̀ọ́, padà."

"Ṣé wàá di igi yẹn mú?"

"Màá dì í mú. Wallahi, màá dì í mú. Padà."

"Mi ò lọ síbì kankan. Tó o bá jábọ́, èmi náà ń bọ̀."

Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn, gbogbo ọdún tí mo ti fi ń bá a jà lórí ìyẹ́ adìyẹ kò yí i padà. Mo ń bẹ Ọlọ́run, mo ń bú Teslim, mo tún ń bẹ Ọlọ́run. Omi dé àyà mi. Mo fẹ́ padà nígbà yẹn, àmọ́ iyanrìn ti ń yọ́ lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, mi ò sì jẹ́ kó mọ̀.

Ọkọ̀ ojú omi àwọn panápaná yọ láti ìsàlẹ̀ odò, ó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n nawọ́ sí i, ó mi orí. Wọ́n fà á, ó túbọ̀ rọ̀ mọ́ igi. Wọ́n rò pé òtútù ti gba iyè rẹ̀. Ètè rẹ̀ ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, àgbọ̀n ló ń nà sí ọ̀dọ̀ mi, títí ọ̀kan nínú wọn fi bojú wẹ̀yìn, tó rí i pé orí mi nìkan ló kù lókè omi.

Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ fà jáde. Teslim ò tú ọwọ́ lára igi náà, àfìgbà tó rí i pé ẹsẹ̀ mi méjèèjì ti wà lórí ilẹ̀.