Wọ́n Ní Kí Àlímọ̀t Lọ Dúró De Nǹkan Oṣù

Àlímọ̀t, ìyá Haleem, aránfìlà ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, kú lórí ìkúnlẹ̀ ní ọjọ́ Àlàmísì tó kọjá. Ẹ̀jẹ̀ ló gbé e lọ. Ọmọ náà yè. Èyí tó bí ṣáájú rẹ̀ kò tíì pé ọdún méjì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó bàjẹ́ àti ẹni tó mọ̀. Ìgbà mẹ́ta ló lọ gba ìfètòsọ́mọbíbí nílé ìwòsàn ìjọba àdúgbò wa, ìgbà mẹ́ta ni wọ́n dá a padà. Nọ́ọ̀sì mọ̀. Mètírọ́ọ̀nù mọ̀, torí mo kọ lẹ́tà sí i lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún tó kọjá. Ọ̀gá wọn ní ọ́fíìsì ìlera mọ̀: ó buwọ́ lu ẹ̀dà lẹ́tà náà pé òun ti gbà á. Oògùn ńkọ́? Ó kún kọ́bọ́ọ̀dù.

Òfin wọn ni pé obìnrin gbọ́dọ̀ máa ṣe nǹkan oṣù lọ́wọ́ kí wọ́n tó dá a lóhùn, kó má lọ jẹ́ pé ó ti lóyún. Èmi tá a jọ ń rán fìlà ni mo sìn ín lọ lẹ́ẹ̀kẹta.

“Ìyá Haleem, ṣé ẹ ti rí i?” Nọ́ọ̀sì ò tiẹ̀ gbójú sókè.

“Nọ́ọ̀sì, ọmọ tó ń fà mí lọ́mú rèé. Ibo ni mo ti fẹ́ rí i?”

“Ẹ máa lọ sílé. Tí ẹ bá rí i, ẹ padà wá.”

Nǹkan oṣù ò wá. Oyún ló wá. Ẹ kú iṣẹ́ o, òfin yín ṣiṣẹ́: ẹ ò fún aboyún lóògùn. Ẹ kàn dúró títí ó fi di aboyún ni.

Ìdánwò ìtọ̀ tí wọ́n fi ń mọ oyún, tó wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù oògùn l'Ékòó, ni ìbá yanjú ẹ̀ kí omi tó hó. Bí oníbàárà bá wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí ọjà wà nílẹ̀, tí ẹ ní kó máa lọ, ẹ má pe ìyẹn ní ìlànà. Ìmẹ́lẹ́ ni.

Síbẹ̀, níbi ìpàdé kan ní Ìkòyí, ọ̀gá kan jẹ míìtì páì tán, ó ní ẹ̀sìn àti ọkọ ni kì í jẹ́ kí àwọn obìnrin Ìsàlẹ̀ Èkó fètò sọ́mọ bíbí. Ọkọ wo? Mùtíù ọkọ Àlímọ̀t ti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ lọ́jọ́ tá a lọ, ó ń tọ́jú àwọn ọmọ mẹ́rin tó kù. Àfáà wọn fọwọ́ sí i. Ta ló wá kù tí kò fọwọ́ sí i, bí kò ṣe ẹ̀yin?

Eyín ni Àlímọ̀t fi ń já òwú, ẹnu kan náà ló fi ń pa wá lẹ́rìn-ín. “Kí Mùtíù tó bọ́ fìlà tán, mo ti lóyún,” bó ṣe máa ń wí nìyẹn, a óò sì rẹ́rìn-ín títí a ó fi gún ara wa lábẹ́rẹ́. Ọdún méjì péré ló ní òun fẹ́ fi sinmi, kí ara òun padà sípò.

Àwọn ará ilé ìwòsàn náà ránṣẹ́ ìbánikẹ́dùn. Wọ́n ní àmúwá Ọlọ́hun ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ Ọlọ́hun di akọ̀wé yín.

Ẹ fagi lé òfin yẹn. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lédè Yorùbá pé ẹ ti fagi lé e, kí orúkọ ẹni tó buwọ́ lù ú wà níbẹ̀, kí ìdánwò ìtọ̀ sì wà lórí tábìlì nọ́ọ̀sì. Kí ọ̀gá tó gba lẹ́tà mi jáde wá sọ ohun tó fi ṣe. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, agogo mẹ́wàá àárọ̀, ni gbèdéke. Obìnrin mọ́kànlélógún tí ẹ ní kí wọ́n lọ dúró ló wà lórí ìwé mi báyìí. Ẹ fún wọn ní ohun tí wọ́n wá gbà kí ọjọ́ náà tó ṣú.