Apá Ẹ̀gbọ́n Mi àti Ìwé Tó Kún fún Ọfà

Òróró gbígbóná ló jó ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lábẹ́ apá ní Kambolé, ìlú wa ní Togo. Egbò náà jiná, ṣùgbọ́n àpá rẹ̀ fa awọ abíyá pọ̀ débi pé apá náà kò gòkè kọjá èjìká mọ́. Nígbà tí a gbọ́ pé dókítà tó ń tún awọ ṣe ti dé sí Sokodé, mo fi alùpùpù mi gbé e lọ.

Faransé ni dókítà ń sọ, èmi ni mò ń túmọ̀. Ó ṣí ìwé kan síwájú wa. Ìbéèrè ló kún inú rẹ̀, ọfà sì ń darí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan lọ títí dé irú iṣẹ́ abẹ tó yẹ.

"Ṣé àpá náà tín-ín-rín bí okùn?" ni dókítà kà. Ó fọwọ́ kàn án. Bẹ́ẹ̀ ni.

"Ṣé awọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rọ̀?" Ó rọ̀.

Ojú mi ti sáré tẹ̀lé ọfà ṣáájú rẹ̀. Ọ̀nà kan ní kí wọ́n bó awọ itan wá lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Tiwa ní kí wọ́n gé àpá náà bíi lẹ́tà Z, kí awọ ẹ̀gbẹ́ lè nà. Dókítà náà dé ibẹ̀, ó sì sọ bẹ́ẹ̀.

"Kí ló wí?" ni ẹ̀gbọ́n mi bèèrè.

"Ó ní àwọn ò ní fọwọ́ kan itan yín."

"Sọ fún un pé kó ṣe é."

Nígbà tí ojú abẹ náà jiná, a jọ dìde láti kírun nílé. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì dé etí. Ó yẹ kí n máa kírun tèmi, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ ni mò ń wò.