Ẹ̀rọ Bassila Kọ̀, Kò Dá Manigri Mọ̀

Àbúrò mi obìnrin jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Manigri, ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Èmi wà nínú ọ́fíìsì níwájú ẹ̀rọ kan tó ń kọ ohun kan náà sí mi lójú ṣáá: Bassila kò dá ọ mọ̀. Mo tún un tẹ̀. Bassila kò dá ọ mọ̀.

Ohun tó wà nílẹ̀ kò ṣòroó yé. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Manigri ní ẹ̀rọ ńlá kan tó ń kó orúkọ àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò jọ, ọ́fíìsì wa ní Bassila ní òmíràn tó ń gbà á. Èmi ni mò ń tọ́jú méjèèjì. Orúkọ àwọn ọmọ yòókù ti lọ. Ti àbúrò mi nìkan ló ṣẹ́ kù, nítorí ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀ sọnù, àárọ̀ ọjọ́ yẹn la ṣẹ̀ṣẹ̀ rí òmíràn gbà. Bó bá ti di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọn ò ní gba orúkọ mọ́. Wọn kì í gbà á lẹ́nu, wọn kì í gbà á lórí fóònù, ẹ̀rọ ló gbọ́dọ̀ gbé e dé. Bàbá wa, àgbẹ̀ oníṣu àti oníkajú, sì ti sọ tiwọn: bí ọmọ yìí kò bá ṣe ìdánwò lọ́dún yìí, ilé ọkọ ní Doguè ló kàn, wọ́n ti wá tọrọ rẹ̀. Bàbá wa kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Mo kọ́kọ́ rò pé mo-dé-páàsì ni, ọ̀rọ̀ àṣírí tí ẹ̀rọ méjèèjì fi ń mọ ara wọn. Mo yí i padà níbí, mo pe ọ̀gá mi obìnrin ní Bassila, wọ́n yí i padà lọ́hùn-ún. Pàbó. Mo yọ wáyà, mo tún tì í bọ ẹ̀rọ padà. Mo pa ẹ̀rọ, mo tàn án. Rẹ́sò tó so wọ́n pọ̀ ń lọ geere, ẹ̀rọ méjèèjì ń gbúròó ara wọn, àfi kí tiwa dé ẹnu ọ̀nà kí Bassila ní òun kò mọ̀ ọ́n rí. Òógùn bò mí bí ẹni tó ń kọ ebè. Mo bú ẹ̀rọ náà, mo bú ẹni tó ṣe é, mo bú iṣẹ́ tí mo fọwọ́ ara mi yàn.

Ọ̀gá mi ní lórí fóònù, "Wo agogo inú rẹ̀. Bí agogo ẹ̀rọ méjèèjì kò bá bára mu, tibí kò ní gba tibẹ̀ wọlé."

Mo fi fóònù mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Wọ́n bára mu rẹ́gí. Mo ní, "Kò sóhun tó ṣe agogo, ọ̀gá." Wọ́n ní kí n wo ibòmíràn, èrò pọ̀ níwájú àwọn.

Sẹ́kírétà kọ́lẹ́ẹ̀jì, àgbàlagbà kan tí kì í kánjú, ní kí n fara balẹ̀, àsìkò ṣì wà. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Mo ní bó bá fi di agogo mẹ́ta tí kò ṣe, màá gbé orúkọ ọmọ náà sórí kilé kékeré tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀rọ, màá gun alùpùpù lọ sí Bassila, màá fọwọ́ ara mi kì í síbẹ̀.

Àbúrò mi yọjú. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ti lọ?"

"Mo ní kó o jókòó!"

Ó jókòó. Mo ṣì ń gbọ́ ohùn ara mi yẹn títí dòní.

Agogo mẹ́ta kọjá díẹ̀ lórí fóònù mi. Mo ti mú kilé, mò ń wá kọ́kọ́rọ́ alùpùpù, nígbà tí wọ́n pe ìrun Alásàárì ní mọ́sálásí. Sẹ́kírétà dìde láti lọ ṣe àlùwàlá. Mo dúró gbagidi. Wọn kì í pe Alásàárì ní Manigri lásìkò yẹn nínú ọdún kí agogo mẹ́rin tó kọjá.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló tún agogo ẹ̀rọ yìí ṣe?"

Sẹ́kírétà ní, "Èmi ni. Iná kúráàn lọ lọ́jọ́sí, lẹ́yìn tí orúkọ àwọn yòókù ti dé Bassila, nígbà tó dé, agogo rẹ̀ ti dàrú. Fóònù mi ni mo wò tún un ṣe."

Fóònù wọn. Fóònù mi. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n ní Manigri: ààlà kò jìnnà, lápá ibi tí kọ́lẹ́ẹ̀jì wà, fóònù máa ń fi rẹ́sò wa sílẹ̀ kó lọ gba ti Togo, agogo Togo sì fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó bá pẹ́ dé ìpàdé á ní agogo Togo lòun ń lò. Kò sẹ́ni tó rò ó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ. Èmi tí wọ́n bí síbẹ̀, tí mo ń pe ara mi ní ẹni tó mọ ẹ̀rọ, mo fi agogo Togo wo agogo Togo, mo ní kò sóhun tó ṣe é.

Mo sáré padà sídìí ẹ̀rọ. Mo ti agogo rẹ̀ síwájú, mo tẹ̀ ẹ́. Bassila ṣílẹ̀kùn lójú ẹsẹ̀. Ó dá wa mọ̀. Inú mi ti fẹ́ máa dùn kó tó kọ ìlà kejì: a ti parí gbígba orúkọ.

Mo pe ọ̀gá mi, mo bẹ̀ wọ́n, mo tún bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kò sí lọ́wọ́ àwọn, láti Cotonou ni wọ́n ti ń tì í, wọ́n sì ti tì í. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, omi ń dà lójú mi.

Àbúrò mi wọlé, ó na fóònù rẹ̀ sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sunkún," ó ní. "Ẹ wò ó, agogo mẹ́rin kò tíì lù."