Sítíárìn Ìjàpá Ìyá Mi

Ọkọ̀ ìjàpá tí ìyá mi fi gbẹ̀bí káàkiri abà Ìbàràpá ni wọ́n fẹ́ tà fún àwọn tó ń ra irin kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù. Mo ní wọn ò ní tà á.

Nọ́ọ̀sì ni ìyá mi kó tó fẹ̀yìntì. Igbó-Ọrà ló ti ṣiṣẹ́, ìlú tó jẹ́ pé agbẹ̀bí á jáde lọ gba ọmọ kan, á sì ti ibẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn tó gba méjì. Òun nìkan ló ń wa ìjàpá rẹ̀ lọ sí abà. Ibi tí ọkọ̀ ńlá bá ti rì sínú ẹrẹ̀, ìjàpá á rọra gba ibẹ̀ kọjá. Láyé ìgbà yẹn, bí obìnrin bá ń wakọ̀, àwọn èèyàn á fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá wò ó, àwọn mìíràn á sì máa sọ ọ̀rọ̀ tí kò dáa sí i. Ìyá mi kì í dá wọn lóhùn. Fèrè ọkọ̀ ló máa ń fọn sí wọn létí.

Nígbà tí orúnkún kò jẹ́ kó lè máa tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́, ó gbé ọkọ̀ náà sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé bàbá mi ní Igbó-Ọrà. Bàbá mi ti kú nígbà náà. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ náà wà tí ewé fi ń já lé e lórí, tí oòrùn ọ̀sán sì ń wọ inú rẹ̀ láti iwájú.

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò bàbá mi pe ìpàdé ẹbí. Ó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbi tí ọkọ̀ náà wà.

Ó ní, "Irin tó ti dípẹtà ni. Àwọn tó fẹ́ rà á ti wá wò ó."

Mo wo ojú ìyá mi. Ó ti pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, ṣùgbọ́n ìyàwó ilé ṣì ni lọ́dọ̀ wọn. Èmi ni mo sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ọkọ̀ màámi ni, kì í ṣe ti ẹbí. Ẹ jẹ́ kí n gbé e kúrò níbẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "O fẹ́ gbé e lọ sí Èrúwà? Orí lo máa fi rù ú ni?"

"Mà á wà á lọ ni, sà."

Tíṣà ni mí ní Èrúwà. Mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n mo mọ ọkọ̀ wà, torí ìyá mi kọ́ mi. Mo wá mẹ́káníìkì kan. Ó tún ẹ́ńjìnnì ṣe, ó tún búrékì ṣe, a ra bátìrì àti táyà. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ náà kọ́kọ́ dáhùn, gbogbo agbo ilé jáde. Mo wọlé, mo jókòó, mo di sítíárìn mú láti yí i. Ó kán mọ́ mi lọ́wọ́.

Oòrùn ti jẹ ẹ́ tán. Ó fọ́ bí akèrègbè, irin inú rẹ̀ tó ti dípẹtà sì yọ síta. Àwọn ọmọdé bú sẹ́rìn-ín, àwọn àgbà náà ò lè pa tiwọn mọ́ra. Àbúrò bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn mi orí bí ẹni pé mo ti bá a parí ọ̀rọ̀ náà.

Mẹ́káníìkì ní, "Tíṣà, ká má purọ́, sítíárìn tuntun ti ìjàpá yìí á fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ́n ju ọkọ̀ náà lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tà á."

Mo ní kó bá mi wá àlòkù. Ó ní kò sí. Mo ní èmi á wá a fúnra mi.

Ọlọ́kadà tó máa ń gbé mi lọ sílé ìwé ló sọ pé òun mọ ìjàpá kan ní Lánlátẹ̀, nínú àtíbàbà lẹ́yìn ilé opó kan, tí adìẹ ń yé sí. Ní ọjọ́ Sátidé, èmi àti mẹ́káníìkì lọ síbẹ̀. Ìyá àgbàlagbà ni opó náà, ó ń sá láfún nígbà tí a dé. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sọ ohun tí mo wá fún.

"Sítíárìn nìkan?" ló bi mí. "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Mo sọ fún un pé ti ìyá mi ló kán, pé nọ́ọ̀sì ni, pé ìjàpá ló fi ń lọ sí abà.

Ó dáwọ́ iṣẹ́ dúró. "Nọ́ọ̀sì pupa yẹn? Mo mọ̀ ọ́n! Òun ló gbẹ̀bí ọmọ mi kejì. Mo ń ké, ó gbá mi ní itan, ó ní kí n pa ariwo mọ́ kí n fi okun náà tì." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló nu ojú. "Ṣùgbọ́n owó mi kò ní tìtorí ìyẹn dín o."

Iye tó pè kò tó owó àpò àgbàdo kan. Mo san án lójú ẹsẹ̀.

Ìgbẹ́ adìẹ ló bo sítíárìn náà. Nígbà tí mo fi aṣọ nù ún, mo rí i pé ó ti sán níbi mẹ́ta, ara rẹ̀ sì rí págunpàgun, ṣùgbọ́n nítorí pé abẹ́ ibòji ló wà, irin inú rẹ̀ le koko. Mẹ́káníìkì tú nọ́ọ̀tì àárín rẹ̀, ó fà á, kò wá. Ó mú òòlù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú láti ẹ̀yìn.

"Ẹ dúró! Ẹ máa fọ́ ọ!"

"Tíṣà, ṣé ẹ̀yin ni mẹ́káníìkì ni àbí èmi?"

"Ẹ̀yin ni. Èmi ni mo ni sítíárìn."

Ó ju òòlù sínú àpò rẹ̀. "Ó dáa. Bí ẹ bá mọ iṣẹ́ náà jù mí lọ, ẹ ṣe é fúnra yín."

"Mà á ṣe é."

Ó gun ọ̀kadà rẹ̀, ó lọ. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà bí ẹni tí wọ́n lé jáde ní kíláàsì. Ṣùgbọ́n mo ti sọ ọ́ lẹ́nu, ìyá àgbà náà sì ti gbọ́.

Mo wo fídíò lórí fóònù. Mo lọ yá sípánà lọ́wọ́ ẹni tó ń lẹ táyà ní títì. Mo ro epo sí ibi tí eyín irin ti wọnú ara wọn, mo dá nọ́ọ̀tì náà padà díẹ̀ sẹ́nu rẹ̀, kí sítíárìn má baà fò lù mí lójú, mo wá jókòó sínú ọkọ̀, mo fi orúnkún méjèèjì tì í láti ìsàlẹ̀, mo ń mì í sọ́tùn-ún, mo ń mì í sósì. Ó tó wákàtí kan. Aṣọ mi ya lábíyá. Nígbà tó já, ó já lójijì, nọ́ọ̀tì yẹn ló gba eyín mi là. Ìyá àgbà kígbe, àwọn adìẹ fò, èmi náà sì kígbe.

Ẹ̀yìnkùlé mi ní Èrúwà ni mo ti tún un ṣe. Mo fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Mo fi ayùn irin la ẹnu ibi tó sán kí àtè lè wọ inú rẹ̀ dáadáa, mo po àtè alágolo méjì pọ̀, mo fi dí i, mo sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kó le. Sáńpépà ló kàn, èyí tó le kọ́kọ́, lẹ́yìn náà èyí tó kúnná, pẹ̀lú omi. Àwọn aládùúgbò ń bi mí bóyá ìjọba ti dá wa dúró níṣẹ́ ni tí mo fi di káfíńtà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n gbé àga wọn tó ti ṣẹ́ wá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo fín ọ̀dà dúdú sí i. Òjò ń ṣú, mi ò sì jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ gbẹ kí n tó fín èkejì lé e. Nígbà tí mo padà dé ibẹ̀, ọ̀dà náà ti hunjọ bí awọ orí wàrà. Bí mo ṣe ń wò ó ni fóònù dún. Àbúrò bàbá mi ni.

"Àwọn oníkọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù ń bọ̀ láàárọ̀ Sátidé. Mo kàn ní kí n sọ fún ọ ni."

Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Mo jókòó sórí àpótí, mo sunkún díẹ̀. Inú ló ń bí mi. Lẹ́yìn náà ni mo mú sáńpépà, mo sì ha gbogbo ọ̀dà náà kúrò títí ìka mi fi bó. Mo dúró de oòrùn Ọjọ́bọ̀. Mo fín in fẹ́ẹ́rẹ́, mo dúró, mo tún fín in, mo tún dúró. Lọ́tẹ̀ yìí ó dán.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo fi ìró wé sítíárìn náà, mo gbé e lọ sí Igbó-Ọrà. Mo tú ti àtijọ́ bí mo ṣe tú ti Lánlátẹ̀. Mo yọ ojú bátìrì, mo rí i pé táyà iwájú dúró gbọọrọ, mo gbé tuntun wọ orí eyín irin náà, mo sì fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ pinpin. Mo so wáyà fèrè. Mo yí i lọ sọ́tùn-ún dé òpin, mo yí i sósì dé òpin. Kò mì.

Lówùúrọ̀ Sátidé, ọkọ̀ akẹ́rù àwọn oníkọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù dé sẹ́nu ọ̀nà. Mo ti wà nínú ìjàpá, ẹ́ńjìnnì ti ń dún. Àbúrò bàbá mi dúró ní fèrèsé ọkọ̀, ó ń wo ọwọ́ mi.

Ó ní, "Sítíárìn yẹn wọ́."

Òótọ́ ló sọ. Eyín kan ni mo fi ṣì í gbé, ó tẹ̀ díẹ̀ sósì.

"Bàbá, ọkọ̀ ò wọ́."

Ni ìyá mi bá jáde láti inú ilé, ó ti wé gèlè, ó fi àpò rẹ̀ kọ́ apá. Ó tẹ orúnkún ba díẹ̀ fún àbúrò ọkọ rẹ̀ tí òun fi ọdún mẹ́wàá jù lọ.

"Ọkọ mi, ẹ ò ní bínú. Mò ń bá ọmọ mi lọ."

Ó ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀, ó jókòó. Mo gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù kọjá, àwọn ọkùnrin inú rẹ̀ ń wò wá, mo sì fọn fèrè.

A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ilé mi ní Èrúwà nígbà tí ìyá mi ní kí n yà sí pápá ilé ìwé wa. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó ní kí n bọ́ sílẹ̀, ká pààrọ̀ ìjókòó.

"Màámi, orúnkún yín ńkọ́?"

"Ṣé orúnkún rẹ ni?"

Ó di sítíárìn náà mú, ó fi àtàǹpàkò ra á káàkiri. "Ó sanra ju tèmi lọ," ló sọ. Lẹ́yìn náà ló tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó yọ eyín iwájú tó kù síta bí ẹni tí orúnkún ń dùn, ọkọ̀ sì mú ọ̀nà pọ̀n. A yí pápá náà ká lẹ́ẹ̀kan. A tún yí i ká. Nígbà kẹta, ó ti ń sáré jù, òpó góòlù sì ń bọ̀ wá bá wa.

"Màámi, ẹ tẹ búrékì! Ẹ tẹ búrékì!"

Kò tẹ̀ ẹ́. Ó yí sítíárìn, a sì gba ẹ̀gbẹ́ òpó náà kọjá pẹ̀lú ààyè tó pọ̀.

Ó ní, "Ta ló kọ́ ọ lọ́kọ̀?"